Ohun Tí Bàbá Onígi Sọ Níwájú Ìgbìmọ̀

Tí òjò bá ti rọ̀ sí Àkúrẹ́ lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, òórùn eruku igi tó rin pẹ̀lú òórùn gọ́ọ̀mù ni yóò gba ojú fèrèsé ọ́fíìsì mi wọlé. Ẹ̀yìn ọ́fíìsì wa gan-an ni ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ka iṣẹ́ igi wà nígbà náà, ilé gbọọrọ kan tí páànù rẹ̀ ti dípẹtà, tí wọ́n to pákó àfàrà àti ti ìrókò sí ẹ̀gbẹ́ ògiri rẹ̀. Àwọn mìíràn nínú wa máa ń ti fèrèsé, wọ́n á ní eruku ń fa ikọ́. Èmi kì í tì í. Títí di òní, tí mo bá kọjá níbi tí wọ́n ti ń la gẹdú lọ́nà Ọ̀bà-Ilé níbi tí mò ń gbé, ṣe ló máa ń rẹ̀ mí lójijì, bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde nídìí ìpàdé ọlọ́jọ́ mẹ́ta. O bi mí lọ́jọ́sí pé kí ló dé tí mo fi kọ̀ láti ṣe akọ̀wé ìgbìmọ̀ mọ́, mo sì fi ẹ̀rín bò ó mọ́lẹ̀. Jẹ́ kí n sọ ọ́ fún ọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí n sinmi.

Kọ́lẹ́ẹ̀jì wa, o mọ̀ ọ́n, n kò ní dárúkọ rẹ̀. Èmi kì í ṣe olùkọ́ níbẹ̀, iṣẹ́ ìwé ni mò ń ṣe. Ohun tí àwọn tó wà níta kò mọ̀ ni pé kí irú ilé ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ tó lè gba olùkọ́ kan ṣoṣo síṣẹ́ gbére, ọ̀nà rẹ̀ jìn. Olùkọ́ lè fẹ̀yìn tì, ó lè kú, ó lè sá lọ sí òkè òkun. Àga rẹ̀ á ṣófo, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè kàn fi ẹlòmíràn jókòó sí i. Ìjọba ló ń ṣílẹ̀kùn, kì í sì í tètè ṣí i. Lọ́jọ́ tó bá wá ṣí i, á ní ká gba ènìyàn báyìí báyìí. Nígbà náà ni ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan á kọ̀wé pé tiwọn ni kí á kọ́kọ́ wò. Ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni méje á jókòó, olórí ẹ̀ka á wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan wá sọ tẹnu rẹ̀, ìgbìmọ̀ á fún wọn ní máàkì, wọ́n á tò wọ́n láti òkè dé ìsàlẹ̀, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ á sì fọwọ́ sí i. Ẹ̀ka tó bá bọ́ sí ìsàlẹ̀, ó di ìgbà mìíràn, ìgbà mìíràn yẹn sì lè tó ọdún márùn-ún. Lọ́dún tí mò ń wí yìí, àyè mẹ́ta ni ìjọba fún wa. Ẹ̀ka mọ́kànlá ló kọ̀wé, èmi ni wọ́n sì ní kí n ṣe akọ̀wé ìgbìmọ̀.

Wọ́n á sọ fún ọ pé àyè ni ìgbìmọ̀ ń pín, pé àwọn kì í pín in fún ènìyàn. Òótọ́ ni lórí ìwé. Ṣùgbọ́n gbogbo wa la mọ ẹni tó dúró lẹ́yìn àyè kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó dúró lẹ́yìn ti ẹ̀ka iṣẹ́ igi ni obìnrin ará Oǹdó kan, olùkọ́ pátáìmù tó ti ń kọ́ àwọn ọmọ níṣẹ́ fún ọdún mẹ́sàn-án gbáko. Káfíńtà ni bàbá rẹ̀ ní ìlú Oǹdó, inú ṣọ́ọ̀bù ló dàgbà sí, ó sì tún ka ìwé iṣẹ́ náà dé yunifásítì. Ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ ló máa ń wọ ọkọ̀ àkọ́kọ́ tó bá gbéra ní gáréèjì Oǹdó. Kí n tó ṣí ọ́fíìsì mi láàárọ̀, á ti wà ní ṣọ́ọ̀bù, gèlè rẹ̀ dì pinpin, pẹ́ńsùlù há a létí, á máa fi ọwọ́ pa ojú pákó wò bóyá ó ti dán. Ìgbà kan tí dúrọ́ọ̀ tábìlì mi há, tí mo ti kọ̀wé sí àwọn alátùn-únṣe títí ó fi sú mi, òun ló yà wọlé lọ́jọ́ kan, ó yọ ọ́, ó fá ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó fi àbẹ́là pa á, ó tì í padà. Ó ní, “Ẹ wò ó, àǹtí, kò ní yọ yín lẹ́nu mọ́.” Kò sì yọ mí lẹ́nu mọ́ lóòótọ́.

Ọjọ́ orí ń lé e bọ̀. Iye ọdún kan wà tí ènìyàn á pé tí ìjọba kò ní gbà á síṣẹ́ mọ́, ó sì kù fún un bí ọdún kan ó lé díẹ̀ kó pé e. Tí àyè yìí bá fi fò ó, ó parí nìyẹn. Olórí ẹ̀ka fúnra rẹ̀ yóò fẹ̀yìn tì lọ́dún tó tẹ̀lé e, òun nìkan sì ni olùkọ́ gbére tó ṣẹ́kù níbẹ̀. Ẹ̀ka tí kò bá ní olùkọ́ gbére kankan, títì ni wọ́n máa tì í. Obìnrin yìí mọ gbogbo èyí, ṣùgbọ́n kò bẹ̀ mí fún nǹkan kan. Ohun kan ṣoṣo tó bi mí ni pé ọjọ́ wo ni wọ́n máa pe Bàbá Onígi.

Bàbá Onígi là ń pe olórí ẹ̀ka náà. Ará Ìjàrẹ ni, bẹ́ẹ̀ ni ọkọ mi, nítorí náà “ìyàwó” ni bàbá ń pè mí, ìbáà ṣe níwájú ọ̀gá, ìbáà ṣe níwájú akẹ́kọ̀ọ́. Èmi náà á kúnlẹ̀ kí i ní kọ́rídọ̀ pẹ̀lú fáìlì lọ́wọ́. “Ugi” ni bàbá ń pe igi bí àwọn àgbà ti ń pè é lọ́dọ̀ wọn, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ á sì máa sín in jẹ lẹ́yìn, òun náà mọ̀, ẹ̀rín ló ń rín. Kò sí ohun tí bàbá kì í rọ́gbọ́n dá sí. Nígbà tí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gé igi bà jẹ́, ayùn tirẹ̀ ló gbé wá láti ilé. Nígbà tí páànù ń jò, òun ló gun òkè lọ lẹ̀ ẹ́, ní ọjọ́ orí rẹ̀, tí àwa obìnrin ọ́fíìsì sì ń pariwo nísàlẹ̀ pé kó sọ̀kalẹ̀. N kò gbọ́ kí ó ráhùn rí. Mo ka ìyẹn sí ìwà rere nígbà náà, mo ṣì kà á sí i.

Ìpàdé bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ Ajé kan tí oòrùn mú. Yàrá tí wọ́n fún wa kò ní ju fáànù kan lọ, ìyẹn náà á kàn máa yí bí ẹni tí wọ́n fipá jí lójú oorun ni. Àwọn olórí ẹ̀ka ń wọlé, wọ́n ń jáde, èmi ń kọ̀wé títí ọwọ́ mi fi ń ro mí. Olórí ẹ̀ka kọ̀ǹpútà sọ pé ẹ̀ka òun ti dẹnu kọlẹ̀. Olórí ẹ̀ka ìmọ̀ okòwò, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí aṣọ rẹ̀ mọ́ tónítóní, ní tí wọn kò bá fún òun ní ènìyàn lọ́dún yìí, òun kò mọ̀ bóyá òun á lè sùn mọ́. Ó yọ áńkáṣíìfù, ó nu ojú. Òyìnbó ni wọ́n fi ń bi wọ́n, òyìnbó ni wọ́n fi ń dáhùn. Mo ń kọ gbogbo rẹ̀.

Ọjọ́ kejì ló kan Bàbá Onígi. Mo bá a níta níbi tó jókòó sí lórí bẹ́ǹṣì tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ló ṣe é, mo kúnlẹ̀, mo sì rọra sọ fún un pé kó jọ̀ọ́, kó sọ ọ́ bó ṣe rí gan-an. Ó wò mí bí ẹni pé ọmọdé ló ń kọ́ òun ní ọ̀nà ilé òun. Ó ní, “Ìyàwó, mo ti kọ ọ́ sínú ìwé. Gbogbo rẹ̀ ló wà níbẹ̀.” Lóòótọ́ ló wà níbẹ̀. Ojú ìwé mẹ́ta, ìkọ̀wé rẹ̀ gún régé bí ìlà pákó: iye iṣẹ́ tí obìnrin yẹn ń kọ́ àwọn ọmọ, iye wákàtí, ọjọ́ tí òun alára yóò fẹ̀yìn tì, ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ sí ẹ̀ka lẹ́yìn rẹ̀. Èmi ni mo pín ẹ̀dà rẹ̀ fún ìgbìmọ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ ka ìwé mọ́kànlá nínú ooru yẹn?

Nígbà tó wọlé, gbogbo ìgbìmọ̀ sún lórí àga, nítorí pé àgbà ni. Alága wa, ọkùnrin kan tó mọ ọ̀rọ̀ọ́ sọ, dìde díẹ̀, ó tẹrí ba, ó sì pa òyìnbó tì fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí a ti bẹ̀rẹ̀. Ó ní, “Bàbá, ẹ káàbọ̀ sà. Báwo ni ẹ̀ka yín? Ṣé ẹ ń rí i ṣe?”

Bàbá jókòó, ó tún agbádá rẹ̀ ṣe. Ó ní, “A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. A ń rọ́gbọ́n dá sí i.”

Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í yin obìnrin Oǹdó yẹn. Ó ní obìnrin kan wà ní ọ̀dọ̀ àwọn tó tó ọkùnrin mẹ́rin, pé iṣẹ́ tó ń ṣe kì í ṣe kékeré, pé àwọn ọmọ fẹ́ràn rẹ̀, pé ugi kankan kò lè pa á láyà. Àwọn ìgbìmọ̀ rẹ́rìn-ín tìfẹ́tìfẹ́. Alága béèrè bóyá ó ku ohun tí bàbá fẹ́ fi kún un, bàbá ní rárá, pé ìyókù wà nínú ìwé, ó kí wa kú iṣẹ́, ó jáde. Kò lò tó ìdajì àsìkò tí wọ́n fún un. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe sọ ọ́. Àní mo fi àmì ohùn sí i.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹta, bí mo ti ń to fáìlì, ọ̀kan nínú ìgbìmọ̀ fi mí ṣẹ̀fẹ̀. Ó ní, “Ìyàwó Ìjàrẹ, ṣé ẹ ò ní bá wa fi máàkì díẹ̀ ti àwọn ọkọ yín lẹ́yìn?” Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Kò sí ìkà kan nínú rẹ̀, o mọ bí a ṣe ń ṣeré. Ṣùgbọ́n ẹ̀fẹ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Láti ìgbà náà ni mo ti ń ṣọ́ ojú mi, kí n má baà wo ẹ̀gbẹ́ ibì kan ju ibì kan lọ.

Wọ́n fún ẹ̀ka kọ̀ǹpútà ní ipò kìíní, kò sẹ́ni tó jiyàn. Ẹ̀ka tó ń kọ́ni nípa ìlera gba ipò kejì. Nígbà tó di ipò kẹta, máàkì ẹ̀ka iṣẹ́ igi àti ti ìmọ̀ okòwò bá ara wọn dọ́gba. Aago mẹ́rin ti kọjá. Wọ́n ti mú iná lọ, fáànù ti dákẹ́, ọ̀kan nínú wọn ń wo aago nítorí àwọn ọmọ rẹ̀ tó fẹ́ lọ gbé ní Ìsìkàn. Alága fi ọwọ́ nu iwájú orí, ó sì ní kí akọ̀wé ka ohun tí olórí ẹ̀ka méjèèjì sọ.

Mo ka ti ìmọ̀ okòwò. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kún ojú ìwé kan. Mo ka ti Bàbá Onígi: a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, a ń rọ́gbọ́n dá sí i, obìnrin kan wà tó tó ọkùnrin mẹ́rin.

Obìnrin kan wà nínú ìgbìmọ̀, òun ló ń bójú tó ilé ìkàwé. Ó yí ojú sí mi. Ó ní, “Ṣé gbogbo ohun tí bàbá sọ nìyẹn?”

Lẹ́tà bàbá wà lábẹ́ ìgúnpá mi níbẹ̀. Mo lè yọ ọ́. Mo lè ní, ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ ṣí ojú ìwé kejì. Kò ní gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ. Mo dáhùn pé, “Ohun tó sọ nìyẹn, mà.”

Alága mí kanlẹ̀. Ó ní, “Ẹni tó ní òun ń rọ́gbọ́n dá sí i, ẹ jẹ́ kó máa rọ́gbọ́n dá sí i. Ẹni tí kò rí oorun sùn ni ká gbà.” Wọ́n rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ẹni tó ti rẹ̀, wọ́n sì nawọ́ sókè. Mo kà wọ́n, mo kọ ọ́ sílẹ̀, mo lọ sílé. Gbogbo ara ló ń ro mí lọ́jọ́ náà, mo sì sọ fún ara mi pé àárẹ̀ lásán ni.

Ìwọ náà rò ó wò. Yorùbá ni ẹni méjèèje tó jókòó síbẹ̀. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí kò mọ ohun tí “a dúpẹ́” túmọ̀ sí lẹ́nu àgbàlagbà. Màmá mi lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù, tí kò lè gbé orí mọ́, “a dúpẹ́” ló ń sọ fún gbogbo nọ́ọ̀sì tó bá béèrè ara rẹ̀. Àwa tí a mọ̀ ọ́n bẹ́ẹ̀ náà la sì fi ọ̀rọ̀ náà lu bàbá ní ìjàǹbá.

Nígbà tí wọ́n lẹ orúkọ àwọn ẹ̀ka mẹ́ta náà mọ́ ara pátákó, Bàbá Onígi wá sí ọ́fíìsì mi. Kò jókòó. Ó ní, “Ìyàwó, kí ni wọ́n ní mo sọ?” Mo ṣí ìwé, mo kà á fún un. Ó wo ojú fèrèsé níbi tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà. Ó wá ní, “Alága kí mi ni. Mo sì jẹ́ ẹ. Àbí kí n máa sunkún ulé mi lójú àlejò ni?”

Ìgbà yẹn ni ó tó yé mi. Ká ní òyìnbó ni alága fi bi í bó ṣe fi bi àwọn yòókù, bàbá ì bá ka iye wákàtí àti iye iṣẹ́ fún wọn bí olùkọ́ tó jẹ́. Ọ̀wọ̀ tí wọ́n fi yí i sí Yorùbá ló sọ ìbéèrè di ìkíni, ẹni tí a bá sì kí, ó ní bó ṣe ń jẹ́ ẹ. Èmi ni mo wá kọ ìkíni sílẹ̀ bí ẹni ń kọ ẹ̀rí ilé ẹjọ́. Bàbá ṣe mí lóore kan lọ́jọ́ náà: kò bi mí ní ohun tí èmi sọ. Ó ní kí n kí ọkọ mi, ó sì lọ.

Obìnrin Oǹdó náà parí sáà yẹn. Ó máàkì ìwé àwọn ọmọ, ó kó èsì wọn wá fún mi, ó to gbogbo rẹ̀ dáadáa, ó fi kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù lé e lórí. A kí ara wa. Lẹ́yìn ìyẹn, kò tún wá mọ́.

Oṣù mélòó kan lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ Àbámẹ́ta kan, mo wọ ọkọ̀ lọ sí Oǹdó. Mo sọ fún ọkọ mi pé mo fẹ́ lọ kí ọ̀rẹ́ kan. Láti gáréèjì Àkúrẹ́ títí dé Oǹdó ni mo ń to ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ: bí ọ̀rọ̀ Yorùbá kan ṣe ṣì wá lọ́nà, bí alága ṣe sọ ìbéèrè di ìkíni, bí Bàbá Onígi náà kò ṣe sọ ọ̀rọ̀ bó ṣe yẹ kó sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ náà dára létí ara mi. Mo bá obìnrin náà ní ṣọ́ọ̀bù bàbá rẹ̀, ó ń fi sáńpépà ha ara àga ṣọ́ọ̀ṣì gígùn kan. Bàbá rẹ̀ jókòó sí ẹnu ọ̀nà, ojú rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́, ó kí mi ní èdè Oǹdó, ọmọ rẹ̀ ló bá mi túmọ̀ ìdajì rẹ̀. Obìnrin náà gbé àga fún mi, ó fún mi ní omi. Inú rẹ̀ dùn láti rí mi, ìyẹn gan-an ló jẹ́ kó ṣòro.

Mo sọ gbogbo ohun tí mo tò. Kò dá mi lẹ́kun. Ó ń ha igi lọ, ó ń fẹ́ eruku kúrò, ó ń fi ọwọ́ pa ojú rẹ̀ wò. Nígbà tí mo parí, ó gbé sáńpépà sílẹ̀.

Ó ní, “Bàbá Onígi ti wá síbí, àǹtí. Ó ti sọ ohun tó sọ níwájú ìgbìmọ̀ fún mi, ó sì bẹ̀ mí, àgbà bíi tirẹ̀. Ẹ̀yin ńkọ́? Kí lẹ sọ?”

Mo ní n kò sọ nǹkan kan.

Ó mi orí díẹ̀díẹ̀. Kò bínú; ká ní ó bínú ni, ì bá sàn fún mi. Ó ní, “Mo máa ń rò pé ẹ wà níbẹ̀ ni. Lọ́sẹ̀ ìpàdé yẹn, tí mo bá jókòó sínú ọkọ̀ láàárọ̀, tí ọkàn mi kò balẹ̀, mo máa ń sọ fún ara mi pé ó kéré tán, ẹnì kan wà ní yàrá yẹn tó mọ̀ mí.” Ó tún béèrè bóyá mo fẹ́ omi sí i. Mo ní ó tó. Ó sin mí dé ibi tí mo ti rí ọ̀kadà, ó ní kí n kí àwọn ará ọ́fíìsì, ó ní kí n rọra lọ.

Bàbá Onígi ti fẹ̀yìn tì, wọ́n sì ti ti ẹ̀ka náà pa. Àwọn àga tó ti kán ni wọ́n ń kó sínú ṣọ́ọ̀bù yẹn báyìí. Ọ̀dọ́mọkùnrin olórí ẹ̀ka ìmọ̀ okòwò rí ènìyàn rẹ̀ gbà, mo sì gbọ́ pé ẹni tí wọ́n gbà mọṣẹ́, n kò lè purọ́ mọ́ ọn. Nígbà tí ìjọba tún ṣílẹ̀kùn, tí wọ́n tún ní kí n wá ṣe akọ̀wé, mo ní ojú ń dùn mí. Wọ́n ní ọ̀lẹ ń ṣe mí, mo gbà bẹ́ẹ̀. Kí n tó dá wọn lóhùn, mo ti kọ́kọ́ lọ yọ fáìlì ti ọdún yẹn jáde láti ilé ìpamọ́, mo jókòó tì í, mo sì kà á tán pátá, láti ọjọ́ Ajé títí dé ìgbà tí wọ́n nawọ́. Kò sí àṣìṣe kan nínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ gbogbo ènìyàn pé síbẹ̀, títí kan ti ẹni tó béèrè pé kí wọ́n ṣí fèrèsé. Orúkọ mi àti ìfọwọ́sí mi wà nísàlẹ̀ gbogbo ojú ìwé. Mo wá ọ̀rọ̀ tèmi títí níbẹ̀. Gbólóhùn kan ṣoṣo ni mo rí, èyí tí mo sọ nígbà tí obìnrin ilé ìkàwé yẹn bi mí léèrè: “Ohun tó sọ nìyẹn, mà.”